Ta Ló Ni Perkins? Ìbéèrè Yín Lórí Caterpillar àti Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Tó Rà Mọ́ra

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ amúnáwá nínú abala yìí, a kò mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ ni yóò gba àwọn òǹkàwé wa lọ́kàn jù lọ. A mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé síbí, nítorí pé gbogbo wọn ló kan Caterpillar, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àwa Yorùbá ti sọ orúkọ rẹ̀ di katapílà, tí a sì fi ń pe gbogbo ẹ̀rọ tó ń ya ilẹ̀, kódà bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti Komatsu ará Japan.

Ìbéèrè kìíní

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Iṣẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Oníbàárà mi kan ra jẹnẹrétọ̀ FG Wilson. Nígbà tí mo ṣí i, tó rí i pé Perkins ni ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ó ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Mo sọ fún un pé ọmọ ilé kan náà ni FG Wilson àti Perkins, àti pé Caterpillar ló ni wọ́n. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? — Mẹkáníìkì kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.*

Ẹ̀yin lẹ jàre, ọ̀gá. Caterpillar ra Perkins ní 1998, ó sì ra FG Wilson ní 1999. Ohun kan péré tí a óò fi kún ọ̀rọ̀ yín ni pé ọmọ àgbàtọ́ ni àwọn méjèèjì, Caterpillar kọ́ ló bí wọn.

Peterborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Frank Perkins àti Charles Chapman ti dá ilé-iṣẹ́ Perkins sílẹ̀ ní 1932. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbà náà wúwo, kì í sì í yára. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tó fúyẹ́, tó sì lè sáré débi tí ọkọ̀ ojú títì yóò fi lè lò ó. Wọ́n rí i ṣe. Ní 1959, Massey Ferguson ra ilé-iṣẹ́ náà, àwọn tó ń ṣe katakata pupa tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó. Ní 1986 Massey Ferguson yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Varity, ní 1996 Varity dàpọ̀ mọ́ Lucas ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n di LucasVarity, ọwọ́ LucasVarity yìí sì ni Caterpillar ti ra Perkins ní bílíọ̀nù 1.325 dọ́là. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni Perkins ti ń lọ, ṣùgbọ́n Perkins náà ni ẹ ṣì ń rí lára ẹ́ńjìnnì títí di òní.

Ní tèmi o, ibi tí ọgbọ́n rírà náà wà jù lọ nìyẹn: wọn kò pa orúkọ náà rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá Caterpillar díje nínú katakata àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ẹ́ńjìnnì Perkins sínú ẹ̀rọ tiwọn. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n rà á ni wọ́n ti kun gbogbo ẹ́ńjìnnì náà ní ọ̀dà ìyeyè, tí wọ́n sì kọ Cat sí i lára, ta ni nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn ni yóò fẹ́ fi orúkọ abánidíje rẹ̀ sínú katakata tirẹ̀? Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ẹ́ńjìnnì kan náà pẹ̀lú orúkọ méjì. Perkins 1104 àti Cat C4.4 tí ẹ̀ ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ti FG Wilson kò gùn. Ilé-iṣẹ́ ará Northern Ireland ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù lọ ni kí ó mú ẹ́ńjìnnì, kí ó so alternator, ẹ̀yà tó ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di iná, mọ́ ọn, kí ó gbé pánẹ́ẹ̀lì sí i lára, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan tí kò ní jẹ́ kí ariwo pọ̀. Perkins ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọn.

Nígbà tí oníbàárà yín bá tún padà wá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì hàn án. Ẹ kọ́kọ́ tan iná sí àwo irin kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì: Perkins, tí í ṣe ti Caterpillar. Lẹ́yìn náà ẹ tan án sí ti ara alternator. Bí ó bá jẹ́ Leroy-Somer, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ni, tó ti wà lọ́wọ́ Emerson ará Amẹ́ríkà rí, kí Nidec ará Japan tó rà á ní 2017. Bí ó bá sì jẹ́ Stamford ni, ọwọ́ Cummins ló wà láti 1986, Cummins yìí gan-an sì ni abánidíje Caterpillar nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Inú àpótí kan ṣoṣo tó ń dún lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni àwọn abánidíje ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó lù ú ní jìbìtì, bí nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì bá ti bá ti inú ìwé rẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé kan náà yìí tàn yín lọ sídìí páàtì. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tí Caterpillar fúnra rẹ̀ bí, irú 3500, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Perkins kékeré. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi ra páàtì nígbà gbogbo.

Ìbéèrè kejì

*Olóòtú wa ọ̀wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso òwò ni mò ń kọ́. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ilé-iṣẹ́ tó ní owó, tó sì ní àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tó gbóná, yóò fi máa ra ti ẹlòmíràn dípò kí ó ṣe tirẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ pa àwọn abánidíje wọn ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́.*

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Caterpillar fúnra rẹ̀, irú rírà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe bí i, kò sì rí bí ẹni tó rà á ṣe rò.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Stockton ní California, ní 1904. Ilẹ̀ oko tó wà lágbègbè náà rọ̀ débi pé katakata ìgbà náà, tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, tó sì wúwo púpọ̀, ń rì sínú rẹ̀. Benjamin Holt yọ àgbá ẹ̀yìn katakata rẹ̀ kúrò, ó sì fi pákó tí a so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n rọ́pò wọn, kí ìwúwo ẹ̀rọ náà lè tàn ká orí ilẹ̀. Ayàwòrán kan tó rí i bó ti ń lọ ní ó dà bí kòkòrò tó ń fàyà wọ́ lórí ewé, èyí tí yóò di labalábá lọ́jọ́ iwájú. Caterpillar ni wọ́n ń pe kòkòrò náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá.

Daniel Best, tó wà ní San Leandro, ni abánidíje Holt. Wọ́n bá ara wọn dé ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di 1908, Holt ra ilé-iṣẹ́ Best pátápátá. Ẹ bá mi wò ó: ó ra ilé, ó ra irin, ó ra orúkọ, ó sì gba ọmọ Best, C. L. Best, síṣẹ́. Ní 1910, ọmọ náà kúrò, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di abánidíje tó le ju bàbá rẹ̀ lọ, nítorí pé ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà nínú orí rẹ̀, owó Holt kò sì lè ra orí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jìjàkadì, títí ilé-iṣẹ́ méjèèjì fi dàpọ̀ ní 1925, tí wọ́n di Caterpillar Tractor. Ọmọ Best yìí ló di alága ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ilé-iṣẹ́ Russell ní Minneapolis, tó ń ṣe gírédà tí a fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà, gírédà sì wà lára ọjà tí a fi ń dá Caterpillar mọ̀ títí di òní.

Ìdí kejì ni àkókò. Láti ronú ẹ́ńjìnnì tuntun kan, láti dán an wò, láti kọ́ ilé tí a óò ti máa ṣe é, àti láti kọ́ àwọn tí yóò máa tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ẹni tó bá ra Perkins ti ra gbogbo ọdún wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi kún un pé Caterpillar kì í sábà ta ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó dá dúró, irú Mantrac ní Nàìjíríà, ló ń bá a tà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bí Caterpillar bá ra ilé-iṣẹ́ kan lónìí, ọjà ilé-iṣẹ́ náà ti rí ṣọ́ọ̀bù kárí ayé.

Ìdí kẹta ló ká mi lára jù, nítorí ìnira ló kọ́ wọn. Iṣẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ kùsà máa ń lọ sókè sódò. Ní 1982, Caterpillar pàdánù owó fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín àádọ́ta ọdún, nígbà tí ọdún mẹ́ta sì fi máa kọjá, àdánù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ọjà kò tà, dọ́là wọ́n, Komatsu sì ń ta tirẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní 1981, wọ́n ti ra Solar Turbines ní San Diego lọ́wọ́ International Harvester, tí gbèsè ti kì mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí Solar ń ṣe ló ń ti gáàsì àti epo kọjá nínú ọ̀pá, ọjà rẹ̀ kò sì gbára lé bóyá wọ́n ń kọ́ ilé tàbí wọn kò kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ẹ ó ti máa rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rà ló jẹ mọ́ agbára: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi MaK ní Jámánì ní 1997, Perkins, FG Wilson, àti ẹ́ńjìnnì gáàsì MWM, tó jẹ́ ti Jámánì bákan náà.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló so èso lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù keje 2011, wọ́n parí rírà Bucyrus, ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn tí Amẹ́ríkà fi gbẹ́ ipa odò Panama, ní bílíọ̀nù 8.6 dọ́là, pẹ̀lú gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú ni Bucyrus fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀ka kùsà ilé-iṣẹ́ Terex. Ẹja gbé ẹja mì tán, ẹja tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sì gbé e. Góńgó òkè ni ọjà kùsà wà nígbà náà. Kò pẹ́ tí owó irin àti èédú fi wálẹ̀, àwọn awakùsà ṣíwọ́ ẹ̀rọ rírà, owó tí ń wọlé fún Caterpillar sì já láti bílíọ̀nù 65.9 dọ́là ní 2012 sí bílíọ̀nù 38.5 ní 2016. Ó di 2023 kí ó tó ga ju ti 2012 lọ, nígbà tó dé bílíọ̀nù 67.1. Mo gbà pé Bucyrus dára lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀ ló kó wá fún wọn. Iye tí wọ́n rà á ni mo bá wọn jà sí.

Ìbéèrè kẹta

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wá, ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá àti èyí tí a fi ń fún omi rẹ̀ ni a ń rọ. Bàbá kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ti dàgbà, ó sì fẹ́ ta gbogbo ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Ìwé tó fi hàn wá dára púpọ̀. Kí ló yẹ kí a wò kí a tó sanwó? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo.*

Ẹ gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó lówó jù yín lọ.

Ní oṣù kẹfà 2012, Caterpillar ra ilé-iṣẹ́ ERA, tó ni Siwei ní ìlú Zhengzhou ní Ṣáínà. Òpó irin alágbára tó ń gbé òrùlé ihò èédú dúró, kí ó má baà wó lu àwọn tó ń wa èédú nísàlẹ̀, ni Siwei ń ṣe. Nǹkan bí mílíọ̀nù 650 dọ́là ni iye tí wọ́n rà á. Àwọn agbẹjọ́rò wo ìwé, àwọn aṣàyẹ̀wò owó wo ìwé, ohun gbogbo sì dọ́gba lórí ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ Caterpillar wọ inú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ń ka ọjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n kà kò sì bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọdún bíi mélòó kan ni àwọn ọ̀gá kan ní Siwei ti ń mọ̀ọ́mọ̀ bu èrè kún èrè nínú ìwé. Ní oṣù kìíní 2013, Caterpillar kéde pé òun yóò ka mílíọ̀nù 580 dọ́là sí àdánù. Nígbà tó yá, àwọn tó ta ilé-iṣẹ́ náà gbà láti yọ nǹkan bí mílíọ̀nù 135 dọ́là kúrò nínú ohun tó kù tí wọ́n yóò gbà.

Oṣù márùn-ún péré ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n sanwó àti ọjọ́ tí wọ́n ka ọjà. Akọ̀wé, kíkà yẹn ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó sanwó. Ẹ wọ inú ibi iṣẹ́ Bàbá fúnra yín, kí ẹ ka gbogbo àwo irin, gbogbo mọ́tò, gbogbo bẹ́ríǹgì, kí ẹ sì fi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí pé èyí tó ti dípẹtà wà lórí ìwé bí èyí tó ṣì tuntun. Bí ìwé bá ní oníbàárà kan jẹ Bàbá ní owó, ẹ lọ bá oníbàárà náà, kí ẹ bi í. Ẹ béèrè owó iná tí wọn kò tíì san, owó ilé, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ wo ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ bóyá Bàbá nìkan ló ni í tàbí ti ẹbí ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ọmọ Best tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ta ló mọ bí a ṣe ń gún ihò ara irin tí a fi ń rin gbágùúdá, tí kò fi ní máa rún un jù tàbí kí ó máa fi kókó sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ Bàbá nìkan ni ìmọ̀ yẹn wà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró tì yín fún ọdún kan, kí ẹ sì san owó fún un. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹ pe onítọ̀hún sí ìjókòó kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì fún un ní ìpín nínú ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdìkejì títì ni yóò ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo oníbàárà tí ẹ fowó rà yóò sì sọdá lọ bá a. Ẹ má san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó tó ṣì kù lọ́wọ́ Caterpillar ló fi rí nǹkan gbà padà.

Ìbéèrè kẹrin

*Olóòtú, Peterborough ni èmi àti ìdílé mi ń gbé láti ọdún mélòó kan. Àwọn ará àdúgbò wa ń ṣiṣẹ́ ní Perkins. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ra òmíràn báyìí, kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́? — Òǹkàwé yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.*

Ìdáhùn kan ṣoṣo kò sí, ẹ jẹ́ kí a fi ìlú méjì wé ara wọn.

Ní Peterborough tiyín, ó ti ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ tí Caterpillar ti ra Perkins, wọ́n sì ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ẹ wá wo London, èyí tó wà ní Ontario ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin fún ilé-iṣẹ́ Electro-Motive. Progress Rail, tí Caterpillar ti rà ní 2006, ló ra Electro-Motive ní 2010 ní mílíọ̀nù 820 dọ́là. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ parí, ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gbà kí owó wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, nínú òtútù, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta, ó sì lé ní irínwó òṣìṣẹ́ tó ń yáná lẹ́nu géètì fún oṣù kan. Ní oṣù kejì, Caterpillar kéde pé òun ti ibi iṣẹ́ náà pa. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wà lára ohun tí wọ́n san mílíọ̀nù 820 fún.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Mo rí ohun kan tó ṣe kedere. Kí àdéhùn London tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti ní ibòmíràn tó lè ṣe ọkọ̀ ojú irin kan náà, ní Muncie, ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré sí ti London. Nítorí náà, bí àwọn ará àdúgbò yín bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ, kí wọ́n béèrè nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ẹ́ńjìnnì wo ni à ń ṣe níbí tí wọn kò ṣe níbòmíràn, ibo ni wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń rà lọ?